Láptọ́ọ̀pù tó ń gbóná, fáànù tó ń pariwo: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù l'Adó

Tí oṣù kejì bá ti wọlé báyìí, tí oòrùn ilẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í jó èèyàn lórí, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo èèyàn ń gbé wá: láptọ́ọ̀pù mi ń gbóná, fáànù ẹ̀ ń ké, áàpù wo ni mo lè fi mú kó máa sáré sí i? Mo ti ń dáhùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp títí ó fi sú mi, gbogbo ẹ̀ rèé lójú kan. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi o: lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tí ooru fẹ́ gbà jáde ló dí, fáànù ò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ lè mú kó sáré tó bó ṣe wù yín, tí eruku bá ti dí ẹnu ọ̀nà, ariwo lásán lẹ máa rí gbà. Ṣùgbọ́n fáànù náà ṣe é darí, a ó sọ ibẹ̀ dáadáa.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbóná jù? Gbogbo láptọ́ọ̀pù ṣáà máa ń gbóná.

Òótọ́ ni, gbogbo wọn ló ń gbóná, torí náà ẹ má fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ á sọ fún yín pé ara ẹ̀ gbóná, kò lè sọ ibi tí purosẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ inú ẹ̀, gbóná dé. Ẹ lọ gbé HWMonitor tàbí Core Temp sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọn ò wúwo, wọn ò ní jẹ yín ní dátà. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU, purosẹ́sọ̀ yẹn náà ni. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀, láàrin 40 sí 55 dìgírì ló yẹ kó wà, tí yàrá bá gbóná ó lè gòkè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wo fídíò, tẹ́ ẹ ṣí Chrome pẹ̀lú tábù rẹpẹtẹ, 60 sí 75, kò burú. Gẹ́ẹ̀mù lè gbé e dé 85, kódà 90, ó ṣì lè fara dà á. Ibi tó ti di wàhálà ni tó bá ń fi 95 sí 100 ṣeré, torí pé fún ọ̀pọ̀ purosẹ́sọ̀ Intel, 100 dìgírì ni òpin, tó bá ti kàn án, á fúnra ẹ̀ dín eré kù kó má bàa jóná. Ohun tó fà á nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù tó ń sáré láàárọ̀ á fi máa wọ́ ẹsẹ̀ tó bá di ọ̀sán. Omi Ìkògòsì tẹ́ ẹ lọ ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ò gbóná tó bẹ́ẹ̀! Tó bá wá tún kọjá ìyẹn, á kú pì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tó bá jẹ́ project lẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò sì tíì save, ó ti lọ nìyẹn.

Ohun kan wà tí wọn kì í wò. 80 nígbà tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí 80 nígbà tẹ́ ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ tàn án, ẹ má fọwọ́ kàn án fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó bá ṣì wà ní 80, nǹkan ń bẹ níbẹ̀: bóyá eruku, bóyá paste (nǹkan bí ìpara tí wọ́n ń fi sórí purosẹ́sọ̀ kí ooru lè rọ́nà jáde) ti gbẹ, bóyá nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́nú tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á ṣí, kẹ́ ẹ wá wo ẹni tó ń jẹ CPU.

Ta ló ń sọ fún fáànù pé kó sáré? Ṣé Windows ni?

Rárá o. Nínú bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ pínníṣín kan wà tí wọ́n ń pè ní embedded controller, EC làwọn tó ń tún un ṣe máa ń pè é. Òun ló ń ka ìgbóná, òun náà ló ń pàṣẹ fún fáànù, ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù ló sì ti kọ òfin tó ń tẹ̀ lé sílẹ̀ fún un: tí ìgbóná bá ṣì wà nílẹ̀, fáànù lè dúró tàbí kó rọra máa yí, tó bá gòkè díẹ̀ kó gbéra, tó bá ga gan-an kó fi gbogbo agbára sáré. Windows lè dúró gbagidi, kí mouse má lè lọ síwájú tàbí ẹ̀yìn, fáànù á ṣì máa yí ní tiẹ̀ torí kì í ṣe Windows ló ń darí ẹ̀ tààrà.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ni ìdí tí ìdáhùn tó kù fi rí bó ṣe rí. Áàpù tó bá fẹ́ darí fáànù ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń bá EC láptọ́ọ̀pù yín sọ̀rọ̀, EC HP ò sì jọ ti Dell, kódà HP kan ò jọ HP kejì.

Mo gbé SpeedFan sórí ẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ lórí YouTube, kò rí fáànù kankan. Ṣé fáànù mi ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. SpeedFan ti pẹ́, version 4.52 ló gbẹ̀yìn, ọdún 2016 ló sì jáde, kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì ló sì bá mu jù. Àwọn bọ́ọ̀dù yẹn ní ibi tí wọ́n ń ki wáyà fáànù sí, tí áàpù lè rí ní gbangba. Láptọ́ọ̀pù ń gbé tiẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn EC. Áàpù kan náà tún wà tó ń jẹ́ Fan Control, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ńlá náà ló wà fún, ẹ má fi dátà yín ṣòfò lórí ẹ̀ tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù lẹ̀ ń lò. Ẹni tó ṣe fídíò yẹn, bóyá desktop ló wà níwájú ẹ̀ tí kò sì sọ.

Ó dáa, kí ló wá ń ṣiṣẹ́? HP EliteBook tòkunbọ̀ ni tèmi, ti àbúrò mi jẹ́ ThinkPad, ti ọ̀gá mi jẹ́ Dell.

Ẹ ti mú mẹ́ta tó pọ̀ jù n'ígboro Adó. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

ThinkPad ló rọrùn jù. TPFanControl wà fún Windows, ó ń fún yín ní ìpele láti 0 dé 7, ẹ lè sọ fún un pé tó bá dé 60 kó lọ sí ìpele báyìí, tó bá dé 75 kó lọ sí 7. Àwọn tó ń lo Linux ní thinkfan tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni ìpele 0, torí fáànù máa dúró pátápátá níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá gbàgbé, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín yan ìpele, kó jẹ́ 3 tàbí 4 lọ sókè, kẹ́ ẹ sì dá a padà sí auto tẹ́ ẹ bá ṣetán.

HP EliteBook àti ProBook ò fẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan fáànù wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun kan sílẹ̀. Ẹ pa á, ẹ tàn án padà, kẹ́ ẹ máa tẹ F10 títí BIOS (ibi ètò ìpìlẹ̀ láptọ́ọ̀pù, tó ń ṣí kí Windows tó wọlé) á fi ṣí, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Fan Always On sí. Lórí àwọn tuntun díẹ̀, abẹ́ Advanced ló wà, nínú Built-In Device Options, wọ́n á sì fi kún un pé while on AC Power, ìyẹn ni pé nígbà tó bá wà lórí ṣájà nìkan. Tẹ́ ẹ bá mú un, fáànù ò ní dúró mọ́, á máa rọra yí ní gbogbo ìgbà, ooru ò sì ní kó jọ kó tó gbéra. Èmi fẹ́ràn eléyìí fún ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn kan ò lè fara da ohùn ẹ̀, kí wọ́n pa á padà. HP Omen ti àwọn tó ń gbá gẹ́ẹ̀mù ní Omen Gaming Hub, ẹ lè tì í sí Max níbẹ̀.

Dell, ẹ wá Dell Power Manager, tàbí My Dell lórí àwọn tuntun, kẹ́ ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Thermal sí. Mẹ́rin ni wọ́n máa fún yín: Optimized, Cool, Quiet àti Ultra Performance. Cool lẹ fẹ́. Fáànù á máa tètè gbéra, purosẹ́sọ̀ á sì dín eré kù díẹ̀ kí ara ẹ̀ má bàa gbóná. Quiet ló ń ṣe àwọn èèyàn níbi lágbègbè wa, torí ó ń jẹ́ kí fáànù máa sùn, ẹ sì rí i pé yàrá ti gbóná tẹ́lẹ̀.

Lenovo yòókù, IdeaPad àti Legion, ẹ tẹ Fn pẹ̀lú Q, ẹ máa rí i tó ń yí padà láti ìdákẹ́jẹ́ sí ti agbára. Asus ní tirẹ̀, Fn pẹ̀lú F tàbí Fn pẹ̀lú F5 ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, MyASUS náà sì ní fan profile. Acer Nitro ní NitroSense, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kéèyàn fúnra ẹ̀ yan sípíìdì láìsí wàhálà. MSI ní Cooler Boost, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé máa mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́.

Tí tiyín ò bá sí nínú gbogbo ìwọ̀nyí, NoteBook FanControl ṣì wà, NBFC ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ó ní àkójọ láptọ́ọ̀pù tó mọ̀, ẹ máa yan orúkọ tiyín gan-an. Tí tiyín ò bá sí níbẹ̀, ẹ má yan èyí tó jọ ọ́ o, ẹ jọ̀ọ́, torí inú EC ni áàpù yẹn ń kọ nǹkan sí tààrà, tó bá kọ ọ́ síbi tí kò yẹ, ó lè jẹ́ bátìrì tàbí nǹkan mìíràn ló máa fọwọ́ kàn.

Ṣé mo lè fi fáànù sí gbogbo agbára kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́?

Ẹ lè ṣe é, kò ní bú gbàmù. Ṣùgbọ́n fáànù ní ibi tó ti ń yí nínú, ibẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, bó bá ṣe ń sáré tó ló ṣe máa tètè jẹ tó, tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀, ó ti ń lọ nìyẹn. Fáànù tó ń sáré á tún máa fa eruku wọlé jù, a ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ irú eruku tó wà lójú ọ̀nà wa. Ti bátìrì náà tún wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń lò ó láìsí iná. Èyí tó bọ́gbọ́n mu ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó tètè gbéra, bíi 55 dìgírì dípò 65, kẹ́ ẹ sì fi gbogbo agbára sílẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo.

Àti pé nǹkan kan wà tí fáànù ò lè ṣe láéláé: kò lè mú láptọ́ọ̀pù tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé lọ. Apple kọ ọ́ fún MacBook wọn pé yàrá tí wọ́n bá ti ń lò ó, kó wà láàrin 10 sí 35 dìgírì. Yàrá tó ní páànù láìsí sílíńgì, ní aago méjì ọ̀sán oṣù kẹta, òpin yẹn gan-an ló ń bá fà á.

Ẹ̀gbọ́n, òdìkejì ni tèmi. Fáànù ń pariwo jù, roommate mi ò lè sùn, mo fẹ́ dín in kù.

Àbúrò, má ṣe é. Bó o bá dín fáànù kù láìdín ooru kù, ara láptọ́ọ̀pù lo fi ń jà. Lọ sí ìdáhùn tó kàn yìí, dín iṣẹ́ purosẹ́sọ̀ kù, fáànù fúnra ẹ̀ á dákẹ́.

Mi ò fẹ́ fi áàpù kankan sí i. Ṣé nǹkan kan wà nínú Windows tí mo lè yí?

Ó wà, èyí ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣe fún èèyàn kí n tó sọ pé ká tú nǹkan kan. Ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, ẹ tẹ Change plan settings, lẹ́yìn náà Change advanced power settings. Wíńdò kékeré kan á ṣí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ títí dé Processor power management, ẹ tẹ àmì plus ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Nǹkan méjì lẹ fẹ́ níbẹ̀. System cooling policy, ẹ fi sí Active, ìyẹn ní kí fáànù kọ́kọ́ sáré kí purosẹ́sọ̀ tó dín eré kù. Passive ni òdìkejì ẹ̀. Èkejì ni Maximum processor state, 100% ló máa wà, ẹ yí i sí 99%, fún On battery àti Plugged in.

99% yẹn dà bí eré, àbí? Ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n lórí àwọn Intel, tí kò bá ti pé 100, Turbo Boost, ìyẹn àfikún eré tí purosẹ́sọ̀ ń sá tí iṣẹ́ bá pọ̀, ò ní ṣiṣẹ́. Purosẹ́sọ̀ i5-6300U, èyí tó pọ̀ nínú àwọn EliteBook 840 G3 àti ThinkPad T460 tí wọ́n ń kó wọlé, 2.4 GHz ni eré tiẹ̀ gan-an, Turbo ló ń gbé e dé 3.0. Tẹ́ ẹ bá gba Turbo kúrò, ẹni tó ń tẹ Word, tó ń wo fídíò, tó ń ṣe assignment, bóyá ló máa mọ̀ pé nǹkan yí padà, ṣùgbọ́n ìgbóná á sọ̀ kalẹ̀, fáànù á sì dákẹ́. Ẹni tó ń edit fídíò máa mọ̀ ọ́n lára, kó fi tiẹ̀ sí 100.

Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan, wọ́n ti fi ibẹ̀ pa mọ́, ẹ ò ní rí Processor power management rárá. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator kẹ́ ẹ tẹ èyí:

powercfg /setacvalueindex scheme_current sub_processor PROCTHROTTLEMAX 99

Lẹ́yìn náà:

powercfg /setactive scheme_current

Ti ìgbà tó bá wà lórí bátìrì, ẹ yí setacvalueindex sí setdcvalueindex. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó padà bó ṣe wà, ẹ tún un tẹ̀ pẹ̀lú 100.

Wọ́n ní kí n fọ eruku inú ẹ̀. Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi?

Tẹ́ ẹ bá lè fara balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ onígìrì, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì dúró tì í.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ láti abẹ́, ó ń fẹ́ ẹ gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ kan tó fara tira, tó wà lẹ́nu ihò ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn. Irin yẹn ni ooru ń bá jáde. Eruku ọyẹ́, irun, òwú ara bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ẹ̀ máa lọ kó jọ sí àárín fáànù àti irin yẹn, níbi téèyàn ò lè rí láti ìta. Tẹ́ ẹ bá gbé fáànù kúrò, ẹ máa bá a níbẹ̀, ó ti lẹ̀ pọ̀ di aṣọ eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ lè fi ìka ká a kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fáànù ń yí lóòótọ́, afẹ́fẹ́ ò kàn ríbi gbà ni. Ìdí rèé tí blower láti ìta kì í fi í tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ láti ẹnu ihò, ẹ kàn ń ti eruku yẹn padà sínú fáànù ni, á tún padà wá.

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, kì í ṣe sleep. Ẹ yọ ṣájà. Ẹ yí i dojú bolẹ̀ sórí aṣọ mímọ́, ẹ tú àwọn nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ àwọn rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀ torí wọ́n máa ń fi nọ́ọ̀tì pa mọ́ síbẹ̀. Ẹ to nọ́ọ̀tì náà sórí bébà bí wọ́n ṣe wà, torí gígùn wọn ò dọ́gba, èyí tó gùn tẹ́ ẹ bá dè é síbi tí kúkúrú wà lè gún bọ́ọ̀dù. Ìdérí abẹ́, ẹ fi káàdì rírọ̀ là á díẹ̀díẹ̀ yíká, ẹ má fi ọ̀bẹ. Tó bá ṣí, ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn o!

Ẹ wá fi ìka kan di fáànù mú kó má lè yí, kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ. Blower àwọn tó ń tún fóònù ṣe lágbára gan-an, tó bá mú fáànù yí ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tó ti ń yí lè bàjẹ́, iná sì lè padà láti inú fáànù wọ inú bọ́ọ̀dù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fún ewé fáànù, blower fún àárín irin. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ wà nínú ẹ̀.

Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí títì tí wọn ò dá ọ̀dà sí, kó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì.

Thermal paste ńkọ́? Ẹnì kan ní òun fi toothpaste ṣe tiẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó? Paste yẹn ni wọ́n ń fi sáàárín purosẹ́sọ̀ àti bàbà tó ń gbé ooru lọ, torí bó ti wù kí irin méjì dán tó, ihò tíntìntín wà lójú wọn tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ kì í sì í gbé ooru dáadáa. Toothpaste ní omi nínú, omi yẹn máa gbẹ, yóò sì ku ẹ̀rún. Bàsílíìnì máa yọ́, á ṣàn lọ síbi tẹ́ ẹ ò rán an. Ẹ ra paste gidi, èyí tó kéré jù nínú ike ẹ̀ tó láptọ́ọ̀pù bíi mélòó kan.

Ẹ nu ti àtijọ́ kúrò pátápátá pẹ̀lú isopropyl alcohol àti aṣọ tí kì í bọ́ òwú. Ti tuntun, kó tó hóró ìrẹsì kan, ó ti pọ̀ tó fún láptọ́ọ̀pù. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń de bàbà yẹn padà, ẹ wò ó, wọ́n kọ 1, 2, 3, 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ ṣe dè é, díẹ̀díẹ̀ yíká, ẹ má de ọ̀kan pa kẹ́ ẹ tó kan èkejì. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti lo bí ọdún márùn-ún kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ṣeé ṣe dáadáa pé paste inú ẹ̀ ti gbẹ. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé paste nìkan la pààrọ̀, tí ìgbóná sì já wálẹ̀ gan-an láìfọwọ́ kan fáànù rárá.

Cooling pad tí wọ́n ń tà yẹn, èyí tó ní fáànù tí wọ́n ń gbé sábẹ́ láptọ́ọ̀pù, ṣé ó wúlò?

Díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ láptọ́ọ̀pù yín ló ti ń fa afẹ́fẹ́, ó máa ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú dìgírì mélòó kan. Tí abẹ́ ẹ̀ bá dí pa, ẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí rọ́bà lásán. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ gbé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù sókè díẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ìgò méjì, ẹ wo nọ́ńbà inú HWMonitor, ẹ lè má nílò pad mọ́.

Orí bẹ́ẹ̀dì lọ̀tá. Gbogbo yín tẹ́ ẹ wà ní Iworoko, mo mọ̀ pé hostel ò láyè tábìlì, ṣùgbọ́n fóòmù ń dí ihò abẹ́ pátápátá. Pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ẹ̀ ti tó, kódà ìdérí páálí tó le.

Tí iná bá wá lókùú lókùú, tàbí tá a bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, ṣé ìyẹn náà ń mú un gbóná?

Iná tó rẹlẹ̀ kì í ṣe é ní nǹkan lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ka ara ṣájà yín, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ 100 sí 240V síbẹ̀. Ṣájà fúnra ẹ̀ ló máa gbóná díẹ̀ sí i. Ohun tó ń fa ooru ni pé gbogbo wa ń dúró de iná, tó bá ti dé báyìí, bátìrì tó ti tán á máa gba iná, èèyàn á sì máa fi láptọ́ọ̀pù náà ṣiṣẹ́ tó wúwo jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru bátìrì, ooru purosẹ́sọ̀, inú ilé kékeré kan náà. Tẹ́ ẹ bá lè dúró kó gba iná dé bí ìdajì kẹ́ ẹ tó gbá gẹ́ẹ̀mù, ẹ ti ràn án lọ́wọ́. Ẹ má sì ṣe BIOS update lọ́jọ́ tí iná ń ṣe wá-ká-lọ, bátìrì gbọ́dọ̀ kún kẹ́ ẹ tó ṣe irú ẹ̀.

Linux ni mò ń lò o, ẹ ò mẹ́nu bà wá.

Ẹ fi lm-sensors sí i, ẹ tẹ sensors, ẹ máa rí gbogbo ìgbóná. ThinkPad, thinkfan. Dell, i8kutils. Àwọn yòókù, nbfc-linux. Ẹ̀yin mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é.

MacBook Air mi ń gbóná, mi ò gbọ́ ohùn fáànù ẹ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ M1 ti 2020 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn ẹ̀, kò ní fáànù, ẹ má wulẹ̀ tú u. Ẹ gbé e síbi tó tutù. Tó bá jẹ́ ti Intel tàbí MacBook Pro tó ní fáànù, Macs Fan Control ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ń jẹ́ kéèyàn so sípíìdì fáànù mọ́ ìgbóná.

Ṣé mo lè gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tutù?

Háà! Omi máa ṣẹ́ sínú ẹ̀ tó bá jáde, bí ìgò omi tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì. Rárá o.

Tí mo bá tàn án, ó ń kọ Fan error, tàbí 90B, ó sì ń kú.

Fan error ni ThinkPad ń kọ, 90B ni ti HP, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: EC sọ fún fáànù pé kó yí, kò sì gbọ́ èsì. Kò sí áàpù tó lè tún èyí ṣe. Ẹ ṣí i, ẹ wò ó bóyá wáyà fáànù ti já tàbí ó ti yọ kúrò níbi tí wọ́n ki í bọ̀, ẹ wò ó bóyá nǹkan há sí ewé ẹ̀. Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ pààrọ̀ fáànù, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi ra òmíràn. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ tẹ Enter kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Ẹ lè fi kó fáìlì yín jáde, kó má kọjá bẹ́ẹ̀.

Touchpad mi ti ń wú sókè láti ìgbà tó ti ń gbóná.

Ẹ dá lílò ẹ̀ dúró lónìí. Bátìrì ló wú, ooru sì wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má gún un, ẹ má sì fi ṣájà sí i mọ́ títí wọ́n á fi yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù lè ṣiṣẹ́ lórí ṣájà láìsí bátìrì títí ẹ fi máa ra òmíràn.

Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé fáànù ẹ̀ dáa kí n tó sanwó?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn án fún yín kí wọ́n sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé HWMonitor sórí flash yín láti ilé, irú èyí tí kò nílò install. Ẹ ṣí fídíò 1080p bíi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù tàkúrọ̀sọ. Ẹ gbé ọwọ́ sẹ́nu ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná gbọ́dọ̀ máa fẹ́ jáde dáadáa. Tí ìgbóná bá ga tí afẹ́fẹ́ tó ń jáde sì tutù, ooru ò dé ọ̀dọ̀ irin yẹn, paste ni tàbí bàbà ẹ̀ ti bàjẹ́. Tí afẹ́fẹ́ ò bá jáde tí fáànù sì ń ké, eruku ni, ìyẹn ò le, ẹ fi dín owó kù. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, owó fáànù tuntun náà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tó pè. Tó bá wá ní ẹ ò lè dán an wò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ṣọ́ọ̀bù tó kù pọ̀.